Ẹni Kejì Nínú Yàrá Hàbíbàt

Fún ọdún mọ́kàndínlógún, Hàbíbàt Ògúnsànyà kò mọ bí ilé rẹ̀ ṣe ń rí ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́. Kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń wà ní ibùdókọ̀ Agric, pẹ̀lú báàgì ní èjìká àti abọ́ oúnjẹ nínú ọ̀rá, tí ó ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí Èkó, níbi tí ó ti ń tọ́jú fáìlì ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan. Ilẹ̀ á ti ṣú kí ó tó padà sí Ìkòròdú. Lọ́jọ́ Sátidé, ó ń fọ aṣọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó ń gba àlejò. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Oríyọmí, kú ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ọdún iléyá, ní oṣù kìíní ọdún 2006, nǹkan méjì ló dé bá a lẹ́ẹ̀kan náà: ó di opó, ó sì di ẹni tó wà nílé.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ kú fi ń ṣe tákàbà. Kò ní ṣe ọ̀ṣọ́, kò ní jáde àfi bí ó bá di dandan, ọkùnrin tó lè fẹ́ ẹ kò sì gbọdọ̀ jókòó tì í nínú yàrá. Hàbíbàt kó gbogbo ìsinmi tí kò gbà fún ọdún mẹ́ta jọ, ọ̀gá rẹ̀ sì fọwọ́ sí ìyókù. Ó fẹ́ ṣe tákàbà náà bó ti yẹ, nítorí ọkọ rẹ̀ àti nítorí ara rẹ̀. Ìdílé Ògúnsànyà ti pẹ́ ní Ìkòròdú. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n lè gbójú fò, ṣùgbọ́n tákàbà kò sí lára wọn.

Títí di àdúrà ọjọ́ kẹjọ, èrò kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, kálukú wá ilé rẹ̀ lọ. Rodiat, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga láàárọ̀, ó ń dé ní ìrọ̀lẹ́. Hàbíbàt kírun, ó ka Kùránì, ó ja tẹ̀sùbáà, ó gbálẹ̀ tí kò dọ̀tí. Nígbà tó wo aago, agogo mẹ́wàá kò tí ì lù. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Lúdò ló kọ́kọ́ gbé jáde. Ó ń ta dáìsì fún àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta ó ṣàkíyèsí pé pupa ló ń borí ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe pé dáìsì fẹ́ràn pupa. Òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀. Bí pupa bá ń wá mẹ́fà tí dáìsì sì fún un ní méjì, kò ní ṣàìrí ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ tún un ta: ó kan etí pátákó, afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó wá rántí pé Alfa Bísíríyù, tó ń darí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, kò fẹ́ràn eré tó ní dáìsì. Ó dá lúdò padà sínú páálí rẹ̀ tọkàntọkàn. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀, tí òdodo náà sì kọ̀, kò ṣòro láti fi sílẹ̀.

Ayò ló tẹ̀ lé e. Ó mọ̀ ọ́n ta. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, ń ta ẹja lọ́jà títí di òní, ẹ̀bá omi ni Hàbíbàt sì ti máa ń ta ayò ní kékeré nígbà tí wọ́n bá ń dúró de àwọn apẹja. Ṣùgbọ́n ayò kì í jẹ́ kí ènìyàn dá wà. Bí ọmọ ayò bá ti ń ró nínú ọpọ́n, ẹni tó ń kọjá lọ á yà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin àdúgbò kan wọlé, ó ní òun wá kí opó, kí ó tó kí i rárá, ó ti na ìka sí ọpọ́n: "Ìyá Rodiat, ilé kẹta! Ẹ gbé ti ilé kẹta!" Hàbíbàt gbé ti ilé kẹta, ó pàdánù eré náà, ó sì fi aṣọ bo ọpọ́n.

Ó wá ku dírááfù. Pátákó Oríyọmí wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù: ojú mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní òró, pẹ̀lú ogún ọmọ funfun àti ogún ọmọ dúdú nínú agolo mílíìkì. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa olóògbé: ọ̀pẹ ni. Gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni wọ́n ń nà án lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ilé, òun náà á sì máa rẹ́rìn-ín. Hàbíbàt, tó ń gbé omi tútù fún wọn, ti rí ibi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ti ń ṣìnà láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í sọ̀rọ̀ ní bẹ́ǹṣì. Ní báyìí, bẹ́ǹṣì ti dé inú yàrá rẹ̀.

Eré àkọ́kọ́ kò dùn. Ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń gbèrò ni ọwọ́ òsì ti mọ̀. Obìnrin tó ti tọ́jú fáìlì fún ọdún mọ́kàndínlógún kì í fi nǹkan sílẹ̀ nítorí pé ó rí rúdurùdu. Ètò ló ń wá fún un. Ó gbé àga méjì kalẹ̀, ọ̀kan kọjú sí fèrèsé, èkejì kọjú sí ilẹ̀kùn, ife omi kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ti gbé ọmọ kan, á dìde, á sọ pé "Sùbúhánálláhì" ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lórí tẹ̀sùbáà, kò sì ní dá a dúró ní àárín, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá fi jókòó sí àga kejì, èrò àga àkọ́kọ́ á ti tán lọ́kàn rẹ̀. Á wo pátákó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Síbẹ̀ ó ṣàkíyèsí pé nǹkan kan kù. Lórí bẹ́ǹṣì, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ni wọ́n fi ń ta dírááfù. Ẹnu wà níbẹ̀. Ẹni tí wọn kò bá bú, oorun ló máa ń kùn ún. Ó sọ àga tó kọjú sí fèrèsé ní Ẹ̀pẹ́, òun ló ni ọmọ funfun, ohùn àwọn ẹlẹ́ja ló sì ń fi sọ̀rọ̀. Ó sọ àga kejì ní Ìkòròdú, òun ló ni ọmọ dúdú, ó sì fún un ní ohùn àwọn ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì, ohùn abẹ́ ikùn, tó nípọn.

"Ẹ̀pẹ́, ta ló rán ọ níṣẹ́? Jókòó síbẹ̀ kí o máa wò mí!" ni Ìkòròdú á wí.

"Ìwọ tí o kò mọ ẹja ọbọ̀kún yàtọ̀ sí ti àrọ̀," ni Ẹ̀pẹ́ á fèsì. "Gba ọmọ kan, sanra díẹ̀."

Láti ọjọ́ náà ni eré ti jí. Ó kọ nọ́ńbà sí gbogbo ojú tí ọmọ ń tẹ̀, láti ení dé àádọ́ta, ó sì ń kọ ìrìn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Ẹ̀pẹ́ fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún ìjẹ, Ìkòròdú jẹ wọ́n pẹ̀lú yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ni ọmọ funfun kan gbéra láti ìdí pátákó, tó jẹ mẹ́rin, tó sì di kíńgì. Hàbíbàt dìde dúró. Kò sí ẹni tó rí i, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Ó rìn yí pátákó náà ká lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀rín ń sọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé òun ló fi ẹ̀tàn náà pa mọ́, òun náà ló kó sí i, inú àwọn méjèèjì ló sì dùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ méje, ó ti ta eré tó lé ní igba.

Ọ̀sẹ̀ ìkànìyàn ni ọ̀rọ̀ dé. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjọba ní kí oníkálukú jókòó sílé kí wọ́n lè kà á, ojú títì sì dá. Kúbúrátù, ẹ̀gbọ́n Oríyọmí obìnrin, ti wá láti Ṣómólú kí wọ́n lè kà á ní ilé baba rẹ̀. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun náà ti ṣe tákàbà rí, nínú yàrá kan ṣoṣo, kò sì yọjú lójú fèrèsé fún àádóje ọjọ́. Ìwọ̀n yẹn ló fi ń wọn gbogbo opó.

Òun ló jókòó sí pálọ̀ nígbà tí òṣìṣẹ́ ìkànìyàn wọlé, olùkọ́ obìnrin kan tó gbé fọ́ọ̀mù lé orí itan.

"Ẹ kú ilé, Mà. Ẹni mélòó ló sun ilé yìí mọ́jú?"

"Mẹ́ta. Èmi, ìyàwó wa, àti ọmọ rẹ̀."

"Ọkùnrin tó wà ní yàrá yẹn ńkọ́?"

"Ọkùnrin wo?"

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi jáde láti inú yàrá Hàbíbàt, ohùn tó nípọn bí ohùn awakọ̀ Garage: "Jókòó síbẹ̀ kí o máa wò mí! Ṣé ẹnu lásán lo mọ̀ ni?"

Obìnrin kan rẹ́rìn-ín nínú yàrá kan náà. Olùkọ́ náà gbé bírò sókè. "Mà, wọ́n ní ká má fo ẹnikẹ́ni."

Kúbúrátù ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kí ó tó sọ̀rọ̀ tán. Ó kàn án, kò sí ìdáhùn. Ó gbá a, kò sí ìdáhùn. Sùbúhánálláhì kọkànlá ni Hàbíbàt wà, ó sì ku méjìlélógún. Nígbà tí yóò fi ṣílẹ̀kùn, ohun tí Kúbúrátù rí kò nílò àlàyé lójú rẹ̀: àga méjì tó kọjú síra, ife méjì tí omi wọn ti dín, àti fèrèsé ẹ̀yìnkùlé tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

"Ibo ló gbà?"

"Ta ni, Àǹtí mi?"

"Hàbíbàt, má fi mí ṣe ọmọdé. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ níbí, ibo ló gbà?"

"Kò sí ọkùnrin níbí. Dírááfù ni mò ń ta."

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi àti ara mi."

Kúbúrátù wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó mà dára o. Àbúrò mi kò tí ì pé oṣù mẹ́ta nínú ilẹ̀."

Ó rán Rodiat lọ pe Alfa Bísíríyù, tí ilé rẹ̀ kò ju ìkẹta lọ, àti Adélàjà, ọmọ bàbá wọn tó ń gbé ilé ẹ̀yìn. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó, ó ti dá ẹjọ́ náà kí ó tó rò ó. "Bí wọ́n bá ti ṣí ọ̀nà, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kí ìyá tó bí i lọ máa ṣọ́ ọ. Tákàbà ilé yìí ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Hàbíbàt ti fi híjáàbù bo ara, ó dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ṣẹ̀rífátù ti lé ní àádọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lọ́jà ẹja. Ọmọ tí wọ́n dá padà láàárín tákàbà, kí ẹja òwúrọ̀ tó gbẹ lórí iná ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ á ti gbọ́. Gbogbo bí ó ti pa òfin mọ́ fún àádọ́rin ọjọ́ á di asán, orúkọ rẹ̀ á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ bi mí léèrè ohun tí ẹ bá fẹ́," ni ó wí. "Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá yìí láti ọjọ́ tí mo ti wọlé."

Adélàjà bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, oníṣẹ́ rédíò tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún bẹ́ǹṣì, ọ̀ta dírááfù tí gbogbo àdúgbò ń bẹ̀rù. "Ìyàwó, parọ́ mìíràn. Ta ló ń bá ara rẹ̀ ta dírááfù? Ìjà wo ni ọwọ́ ọ̀tún fẹ́ bá ọwọ́ òsì jà tí kò ní jẹ́ pé ẹnì kan ló ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù?"

"Ẹ̀gbọ́n, ó ṣeé ṣe."

"Ó dáa. Bí ó bá ṣeé ṣe, wá bá mi ta. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè tan èmi."

"Bí ó bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?" ni Kúbúrátù dá sí i. "Ṣé ọkùnrin náà kò lè ti kọ́ ọ ni?"

Adélàjà na àyà. "Àǹtí, láti Garage dé Agric, kò sí ọkùnrin tó lè nà mí. Bí ó bá nà mí, a jẹ́ pé kì í ṣe ọkùnrin ló kọ́ ọ."

Alfa Bísíríyù kọjú sí i. "Adélàjà, ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. A ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kò ní bá opó jókòó ti pátákó. Kí pátákó wà ní pálọ̀, kí Hàbíbàt wà lẹ́yìn kọ́tìnnì, kí Rodiat máa gbé ọmọ fún un."

"Báwo ló ṣe máa rí pátákó?" ni Adélàjà bèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn kò ṣòro," ni Hàbíbàt wí. Ó ti ya kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá lára ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀ ló fi bírò fa ojú pátákó sí, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi èso àgbàdo ṣe ọmọ funfun, ó fi ẹ̀wà pupa ṣe ọmọ dúdú.

Olùkọ́ náà kò lè kúrò. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní iyèméjì. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ pátákó.

"Méjìlélọ́gbọ̀n sí méjìdínlọ́gbọ̀n," ni Hàbíbàt pè. Rodiat gbé ọmọ funfun.

Adélàjà gbé tirẹ̀ láìronú. Rodiat ka ojú ibẹ̀ sókè fún ìyá rẹ̀: "Méjìdínlógún sí mẹ́tàlélógún."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn mẹ́wàá, Adélàjà ń fọwọ́ ra iwájú orí. "Ìyàwó, ṣé o kò lè máa kà á lédè òyìnbó ni? Dín, dín, lé, lé! Ìṣirò yìí fẹ́ fọ́ mi lórí."

"Ẹ máa fojú wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Etí kọ́ ni wọ́n fi ń ta dírááfù."

Olùkọ́ náà fi fọ́ọ̀mù bo ẹnu.

Ṣùgbọ́n ọ̀ta ni Adélàjà, kì í ṣe nínú ìtàn nìkan. Ní àárín eré, ó fi ọmọ kan há Hàbíbàt níbi tí ó gbọ́dọ̀ jẹ, nítorí pé ẹni tó bá rí ohun tí yóò jẹ nínú dírááfù kò ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀ ọ́. Hàbíbàt jẹ ọ̀kan; Adélàjà jẹ mẹ́ta lé e lórí. Ó kó wọn jọ sí ọwọ́ rẹ̀, ó ń mì wọ́n bí ẹ̀pà.

"Ọmọ mẹ́ta! Àlàáfíà kọ́ ló wà lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn o! Ìyàwó, di ẹrù rẹ, kí o mú búrẹ́dì dání, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ jìn."

"Ẹ ti rí i," ni Kúbúrátù wí. "Ẹ ti rí i báyìí."

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, Hàbíbàt ń wo àgbàdo rẹ̀ tó ti fọ́nká. Ẹni mìíràn ló ń bá ta fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti gbàgbé bí òun ti ń ta: láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ni ó ti jókòó sí.

"Alfa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní sùbúhánálláhì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."

"Fún kí ni?" ni Adélàjà kígbe.

"Ta ló ń kọ orúkọ Ọlọ́run?" ni Alfa wí. "Máa bá a lọ."

Wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń kà á ní ohùn ìsàlẹ̀, tí tẹ̀sùbáà ń dún wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tó pé, ó dìde, ó rìn yí kàlẹ́ńdà ká, ó sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì, sí ipò Adélàjà. Bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ yàtọ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí bí ẹ̀wà pupa ṣe kánjú jáde láti lọ jẹun, tí wọ́n fi ilé wọn sílẹ̀ láìsí olùṣọ́. Ó rí ohun tí Ìkòròdú ń fẹ́, ó sì rí ohun tí kò kíyè sí. Bí ó ti máa ń ṣe lójoojúmọ́, láìrántí ẹni tó wà ní pálọ̀, ó la ẹnu:

"Ẹ̀pẹ́! Palẹ̀ ọjà rẹ mọ́, ẹja rẹ ti rà!"

Ohùn abẹ́ ikùn náà gba pálọ̀ kan. Olùkọ́ fò dìde. "Ohùn yẹn nìyẹn! Ohùn tí mo gbọ́ gan-an nìyẹn!"

Kúbúrátù kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó fa kọ́tìnnì náà tó bẹ́ẹ̀ tí igi rẹ̀ fi já, tó sì gbá orí kàlẹ́ńdà. Àgbàdo àti ẹ̀wà tú káàkiri. Alfa yí ojú sí ògiri wéré. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ohun tí gbogbo wọn rí ni Hàbíbàt nìkan, tó káwọ́ lé orúnkún lórí ilẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣì là. Wọ́n ti ti fèrèsé láti ìgbà tí ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí ológbò lè gbà jáde.

Kúbúrátù wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó padà wá dúró síwájú ìyàwó ilé wọn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ìwọ lo ni ohùn yẹn?"

"Ìkòròdú ló ni ín, Àǹtí mi. Ó máa ń pariwo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ta kọ́tìnnì padà. Eré kò tí ì tán."

"Mo ti tú u ká mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Kò burú. Ó wà lórí mi."

Wọ́n fi ìró Kúbúrátù fúnra rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣèlérí ṣì wà nídìí pátákó, Hàbíbàt kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́jọ́ iwájú pé àánú ló gba òun. Ó pajú dé. Ó fi ọmọ kan sílẹ̀. Adélàjà jẹ ẹ́, kò lè ṣàìjẹ ẹ́. Ó tún fi èkejì sílẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́," ni Adélàjà wí, ó sì tún jẹ.

"Rodiat, ṣé o ń gbọ́ mi? Gbé ti márùndínlógójì. Mẹ́rìnlélógún. Mẹ́tàlá. Yí padà: méjìlélógún. Mọ́kànlá. Bọ́ sí méjì."

Ọwọ́ Rodiat ń fò lórí pátákó, ó ń mú ọmọ dúdú kúrò lẹ́yìn ìfò kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ọmọ funfun náà gúnlẹ̀ sí ìdí ilé Adélàjà.

"Kíńgì," ni Hàbíbàt wí lẹ́yìn ìró, ní ohùn ara rẹ̀ báyìí, jẹ́jẹ́.

Adélàjà wo pátákó. Ó fi ìka tọ ọ̀nà tí ọmọ náà gbà, síwájú àti sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wá ibi tí olè gbà wọlé. Ó tún gbé ọmọ ní ìgbà márùn-ún, kíńgì funfun sì ń lé e kiri títí ó fi ku méjì sí i lọ́wọ́. Ó bo ọwọ́ lé pátákó.

"Ó tó," ni ó wí. "Ó nà mí. Ẹ̀yin ènìyàn, ó nà mí láìfojú rí pátákó." Ó sì fọwọ́ lu itan, inú rẹ̀ sì dùn gidi, bí inú ọ̀ta ti máa ń dùn nígbà tó bá rí ohun tí kò rí rí. "Kò sí ọkùnrin tó kọ́ ọ ní èyí. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀!"

Alfa Bísíríyù kọjú sí olùkọ́. "Ẹni kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá yẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìró tó dí ẹnu ọ̀nà. "Hàbíbàt, tákàbà rẹ kò ní àbùkù, níbí ni wàá sì ti parí rẹ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Láàárín ìrìn kan sí èkejì, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lò ń ṣe?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Eré mélòó lójúmọ́?"

"Mẹ́rin. Nígbà mìíràn, márùn-ún."

Alfa ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo tẹ̀sùbáà ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó jù mí lọ," ni ó wí, ó dìde, ó sì wá bàtà rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin lọ tán, Kúbúrátù wọ yàrá náà, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso tó tú ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àgbà kì í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó ilé bí ọmọdé ti ń tọrọ rẹ̀. Ó ṣa wọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi kún.

"Èwo ni Ẹ̀pẹ́ nínú wọn?" ni ó bèèrè.

"Àgbàdo ni, Àǹtí mi."

"Ẹ̀pẹ́ náà ló borí?"

"Òun ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Kúbúrátù wí, ó sì da àgbàdo náà sí i lọ́wọ́.

Adélàjà kò lè gbàgbé. Láti ọjọ́ kejì, ìrọ̀lẹ́ kò ní lọ kí ó má wá dúró ní ìta, lábẹ́ fèrèsé. "Ìyàwó, eré kan péré! Ẹ tún ta kọ́tìnnì!"

"Ẹ̀gbọ́n, ìdájọ́ ti parí. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tákàbà mi."

"Ìgbà wo ló máa tán?"

"Ó ku oṣù méjì."

"Oṣù méjì! Àwọn tó wà ní bẹ́ǹṣì kò dùn ún bá ta mọ́ lójú mi. Kí ni kí n máa ṣe títí dìgbà náà?"

Láti inú yàrá, wọ́n gbọ́ tẹ̀sùbáà tó ń ka ìyókù rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà ni Hàbíbàt dáhùn: "Ẹ wá àga méjì."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn ará ilé gbọ́ ohùn kan tó ń bú Adélàjà kíkankíkan láti ilé ẹ̀yìn, pé ọ̀pẹ ni, pé kó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń di ọmọ mú. Rodiat sáré lọ wo ẹni tó láyà bẹ́ẹ̀. Adélàjà ló bá níbẹ̀, òun nìkan, níwájú pátákó, tó ń dìde láti àga kan lọ jókòó sí èkejì.